Kọ́là Tó Jókòó Lọ́rùn: Iṣẹ́ Ìlà Kúkúrú Nínú Súwẹ́tà

Ní àárọ̀ oṣù Kìíní, ní ibùdókọ̀ èyíkéyìí ní Dublin, kì í pẹ́ kí ojú tó mọ ẹni tí súwẹ́tà rẹ̀ kò bá lọ́rùn mu. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní ọ̀fun. Á fa kọ́là wálẹ̀ níwájú kó lè mí dáadáa. Kò ní pẹ́, á tún na ọwọ́ sẹ́yìn, á fa ẹ̀yìn kọ́là sókè, nítorí afẹ́fẹ́ òkun ti rí ọ̀nà wọ ìpàkọ́. Súwẹ́tà náà lè jẹ́ ojúlówó irun àgùntàn. Ẹni tó hun ún sì lè mọ iṣẹ́. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe: ó hun ọrùn rẹ̀ bí ẹni tó ń hun páìpù.

Ọrùn ènìyàn kì í ṣe páìpù. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ìpàkọ́ ga, ọ̀fun rẹlẹ̀. Télọ̀ tó ń gé bùbá ní Mushin mọ èyí bí ẹní mowó. Bó bá fẹ́ gé ọrùn aṣọ, á gé iwájú jìn ju ẹ̀yìn lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi abẹ́rẹ́ méjì hun kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ki sìsọ́ọ̀sì bọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá gé e, ojú òwú á bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí télọ̀ ń fi sìsọ́ọ̀sì ṣe, ìlà kúkúrú ni ahunṣọ fi ń ṣe é.

Ohun tí ìlà kúkúrú ń ṣe

Aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìṣẹ́yìn máa ń jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ, etí rẹ̀ méjèèjì á sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kọ̀ bá kọjá, òwú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti etí kan dé èkejì. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ méjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí abẹ́rẹ́, kò sì sí òfin tó ní kí ahunṣọ hun gbogbo wọn tán kó tó yí padà.

Ìlà kúkúrú ni ìlà tí a kò hun dé òpin. Ahunṣọ á hun dé àárín, á yí iṣẹ́ padà, á sì gba ibi tó ti ń bọ̀ padà lọ. Àwọn ojú tó wà ní apá tó rìn ti fi ìlà méjì ga sí i. Àwọn tó kù dúró síbi tí wọ́n wà. Bí bíríkìlà bá to bùlọ́ọ̀kù ìpele mẹ́jọ sí apá kan ògiri, tó sì to mẹ́rin sí apá kejì, orí ògiri náà á dà gẹ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ híhun náà ṣe ń ṣe, àfi pé òun kì í dúró gbagidi bí ògiri. Ńṣe ló máa ń tẹ̀, á sì bá ara lọ.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá yẹ gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ tí a fi ọwọ́ hun wò dáadáa, ìlà kúkúrú ni yóò sábà rí níbẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pá ìbọ̀sẹ̀ yà láti ojúgun lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ sì ní ìtàn ní agbègbè Dublin. Balbriggan, ìlú etí òkun ní àríwá County Dublin, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ọmọ Nàìjíríà ń gbé lónìí, ìbọ̀sẹ̀ ló gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun. Ilé iṣẹ́ Smyth bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1780, Ọbabìnrin Victoria sì wà lára àwọn tó wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Black and Tans, ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dáná sun ìlú náà ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1920, ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ kan wà lára ohun tó jóná. Ìyá tó ń gbé Balbriggan lónìí, tó sì ń hun súwẹ́tà ọmọ rẹ̀, ọgbọ́n gìgísẹ̀ ló fẹ́ gbé lọ sí ọrùn.

Ohun èlò

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di abẹ́rẹ́ méjì mú rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ìgbálẹ̀ ni abẹ́rẹ́ náà. Bí ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ bá kò, akẹ́kọ̀ọ́ á yọ igi méjì tó le nínú ìgbálẹ̀ ilé, á ra wúlù díẹ̀ lọ́jà, ó di kíláàsì. Àwọn mìíràn ń lo sípóòkù kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá kọ́ ọ báyẹn ti mọ ohun méjì tí iṣẹ́ yìí nílò: *ojú iwájú*, èyí tí òwú máa ń wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tó ń jáde bí lẹ́tà V, àti *ojú ẹ̀yìn*, èyí tí òwú máa ń wà níwájú abẹ́rẹ́, tó ń yọ kókó kékeré.

Fún súwẹ́tà àgbàlagbà, abẹ́rẹ́ 5 mm tí okùn rọ́bà so pọ̀ ló rọrùn jù, nítorí kọ́là máa ń yípo. Òwú tí wọ́n ń pè ní Aran ló bá a mu. Ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ojú 18 àti ìlà 24 nínú sẹ̀ǹtímítà 10, bí ìlà iwájú bá jẹ́ ojú iwájú, tí ìlà ẹ̀yìn sì jẹ́ ojú ẹ̀yìn. A tún nílò òrùka àmì mẹ́rin, téèpù ìwọnṣọ, abẹ́rẹ́ ìránṣọ olójú ńlá, bébà àti bírò.

Ní àárín ìlú Dublin, ṣọ́ọ̀bù This Is Knit wà nínú Powerscourt Townhouse ní South William Street, ilé ńlá tí ìdílé ọlọ́lá kan kọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹni tó bá fẹ́ òwú ilẹ̀ Ireland gan-an lè béèrè èyí tí wọ́n ran ní Kilcar, ní County Donegal, tí àwọ̀ oríṣiríṣi ń tò tóó-tòò-tóó lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, òwú aláwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ ló yẹ kó mú. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn Dublin ti ń wọ̀ ní kété tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá kọjá. Ẹni tó bá ń ka ojú òwú dúdú lábẹ́ iná yàrá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ á kà á títí, kò ní dọ́gba.

Ìdánwò lórí ojú 30

Kí ọwọ́ tó kan súwẹ́tà, ó yẹ kó kọ́kọ́ kan ègé kékeré. Ahunṣọ á kó ojú 30 sórí abẹ́rẹ́, á hun ìlà mẹ́fà lásán. Lẹ́yìn náà:

Á hun ojú iwájú 24, á yí iṣẹ́ padà, á sì hun ojú ẹ̀yìn padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Á hun 18, á yí padà, á padà sílé. Á hun 12, á yí padà, á padà sílé. Á hun 6, á yí padà, á padà sílé. Ní ìkẹyìn, á hun gbogbo ojú 30 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Apá kan ègé náà á fi ìlà mẹ́jọ ga ju apá kejì lọ, á sì là bí abẹ̀bẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí. Ṣùgbọ́n bó bá gbé e sókè sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á yọ ní ibi mẹ́rin. Ihò nìyẹn, ọ̀kan fún ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú tó yí padà àti aládùúgbò rẹ̀ kò di ara wọn mú. Ìlà méjì ló wà láàárín wọn.

Bí a ṣe ń dí ihò

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí a fi òwú yí aládùúgbò lọ́rùn. Kí ahunṣọ tó yí padà, á gbé ojú tó kàn sí abẹ́rẹ́ ọ̀tún láìhun ún, á fa òwú wá síwájú, á dá ojú náà padà sí abẹ́rẹ́ òsì, á sì wá yí iṣẹ́. Ojú náà ti wọ ìlẹ̀kẹ̀ òwú kan lọ́rùn báyìí. Nígbà tí ìlà gígùn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ó fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gbé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sókè, a ó sì hun ún pọ̀ mọ́ ojú tó wọ̀ ọ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń lò nísinsìnyí ni wọ́n ń pè ní ti Jámánì. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, kì í sì í ṣòroó rí nígbà tí a bá padà dé. Ahunṣọ á kọ́kọ́ yí iṣẹ́ padà. Á mú òwú wá síwájú, sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Á gbé ojú àkọ́kọ́ láti abẹ́rẹ́ òsì sí ọ̀tún láìhun ún. Níbẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà: á fa òwú sókè, á gbé e gba orí abẹ́rẹ́ sẹ́yìn, á sì fà á kó le. Ojú náà á ṣí, á fi ẹsẹ̀ méjì gun abẹ́rẹ́ bí ọmọ tó jókòó sórí ẹ̀ka igi. *Ojú ẹlẹ́sẹ̀ méjì* ni orúkọ tó yẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ojú ẹ̀yìn ló kàn, a ó dá òwú padà síwájú láàárín abẹ́rẹ́ méjèèjì; bó bá jẹ́ ojú iwájú, òwú á dúró lẹ́yìn. Ìgbàkígbà tí a bá padà pàdé ojú ẹlẹ́sẹ̀ méjì, a ó hun ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ojú kan.

Ojú kan ṣoṣo la ó máa kà á. Ẹni tó bá ka ẹsẹ̀ méjì sí ojú méjì, ìṣirò rẹ̀ á dàrú kó tó dé ìlà kẹrin.

Gbígbé ẹ̀yìn ọrùn sókè

Súwẹ́tà àwọn apẹja àtijọ́ ní etíkun Britain kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Ọ̀kan náà ni wọ́n hun ún, kí ẹni tó ni ín lè máa yí i wọ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ má bàa máa gbó sí ojú kan. Ó dára fún ẹni tó ń fa àwọ̀n. Fún ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, tó fẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ rí ìsinmi, ó yẹ kí ẹ̀yìn ga. Elizabeth Zimmermann, olùkọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tó kọ *Knitting Without Tears* ní 1971, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé kí ahunṣọ fi ìlà kúkúrú gbé ẹ̀yìn ọrùn sókè.

Ká mú súwẹ́tà tí a ń hun yípo láti ìsàlẹ̀, tí ojú 80 ṣẹ́ kù níbi ọrùn. A ó fi òrùka àmì sí àárín ẹ̀yìn gan-an. Láti ibẹ̀:

1. Á hun ojú iwájú 14 kọjá àmì, á yí padà.
2. Á ṣe ojú ẹlẹ́sẹ̀ méjì, á hun ojú ẹ̀yìn padà dé àmì, á kọjá rẹ̀ pẹ̀lú ojú 14, á yí padà.
3. Á ṣe ojú ẹlẹ́sẹ̀ méjì, á hun ojú iwájú dé ojú ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó wà níwájú, á hun ún bí ojú kan, á fi 5 kún un, á yí padà.
4. Á ṣe bákan náà ní ojú ẹ̀yìn sí apá kejì.
5. Á tún ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i.
6. Á ṣe ojú ẹlẹ́sẹ̀ méjì ìkẹyìn, á hun padà dé àmì, á sì wá hun ìyípo kan lódindi, á máa pa ojú ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó kù pọ̀ bó ṣe ń bá wọn pàdé.

Ibi tí ó ti yí padà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ojú 14, 19, 24 àti 29. Ojú 58 ló ti rìn lápapọ̀. Ojú 22 tó wà ní ọ̀fun kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Àárín ẹ̀yìn ti fi ìlà mẹ́jọ ga, èyí tó ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá hun etí kọ́là, ojú iwájú 2, ojú ẹ̀yìn 2, títí yóò fi ga tó bí a ṣe fẹ́.

Kọ́là oníborùn

Èyí ni kọ́là tó ń wó sí ejìká bí ìgbà tí ìyá àgbà bá ju ìborùn sọ́rùn, tí etí rẹ̀ méjèèjì sì ń tẹ́ sílẹ̀ níwájú àyà. Ó yẹ káàdígàn, ó sì yẹ súwẹ́tà tí ọrùn rẹ̀ là bí V. Kọ́là náà gbọ́dọ̀ jìn ní ìpàkọ́ kó lè ṣẹ́ po, kó sì tínrín níwájú kó má bàa rọ́ sí àyà bí àpò. Láìsí ìlà kúkúrú, ó ṣòro kí ọwọ́ tó tẹ méjèèjì pọ̀.

Ahunṣọ á ṣa ojú ní etí ọrùn: 48 ní iwájú ọ̀tún, 32 ní ẹ̀yìn, 48 ní iwájú òsì, 128 lápapọ̀. Á fi òrùka àmì sí ejìká méjèèjì. Ojú iwájú ni á máa hun ní gbogbo ìlà, lọ àti bọ̀, nítorí pé irú iṣẹ́ yìí rí bákan náà níwájú àti lẹ́yìn. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé bí kọ́là bá ti ṣẹ́, inú rẹ̀ ló di ìta. Irú iṣẹ́ yìí máa ń ki: ojú 18 àti nǹkan bí ìlà 36 nínú sẹ̀ǹtímítà 10.

Ní ìlà kìíní, á hun ojú 84, èyí tó gba iwájú kan àti ẹ̀yìn kọjá, tó sì wọ iwájú kejì pẹ̀lú ojú 4. Á yí padà, á ṣe ojú ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ní ìlà kejì, ojú 40, èyí tó wọ iwájú àkọ́kọ́ pẹ̀lú ojú 4. Láti ibẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan á fi ojú 4 kọjá ibi tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn dúró sí: 44, 48, 52, títí ìlà kejìlélógún yóò fi pé ojú 120. Ojú 4 péré ló kù ní òpin ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, á hun ìlà 16 lódindi, á sì pa ojú dé.

Bí a bá wọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn kọ́là jẹ́ ìlà 38, sẹ̀ǹtímítà 10 ààbọ̀. Ìsàlẹ̀ iwájú jẹ́ ìlà 16, sẹ̀ǹtímítà 4 àti díẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ṣẹ́ po sí méjì, sẹ̀ǹtímítà 5 ló bo ìpàkọ́, ìyẹn sì tó fún oṣù tí ìpíndọ́gba ooru rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 5°C.

Ìṣirò fún ọrùn mìíràn

Nọ́ńbà tó wà lókè kò bá gbogbo ọrùn mu, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà rí wọn bá gbogbo ọrùn mu. Ìbéèrè àkọ́kọ́: sẹ̀ǹtímítà mélòó ni ẹ̀yìn yóò fi ga ju iwájú lọ? Ká ní 5 ni. Ìlà 36 nínú sẹ̀ǹtímítà 10 túmọ̀ sí ìlà 18 nínú 5. Bí iye tó jáde kò bá ṣeé pín sí méjì, a ó fi ìlà kan kún un. Ìlà 18 jẹ́ ìyípadà 9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. A ó fi 1 kún un, kí ìyípadà ìkẹyìn má bàa bọ́ sí etí gan-an: ó di 10. Bí ojú 50 bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 50 pín sí ọ̀nà 10 jẹ́ 5. Ojú márùn-ún márùn-ún ni ahunṣọ yóò fi máa sún síwájú. Kọ́là oníborùn tó wà lókè náà tẹ̀ lé e: ìyípadà 11, a fi 1 kún un, ó di 12, ojú 48 pín sí 12 jẹ́ 4.

Bébà àti bírò tí a mú lọ́wọ́ wúlò níbí. Bí ahunṣọ bá ti yí padà, kó fa ìlà kan sórí bébà kó tó gbé abẹ́rẹ́ sókè. Nínú *Riders to the Sea*, eré J. M. Synge tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Molesworth Hall, Dublin, ní 1904, ọmọbìnrin kan mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ló kú sómi nítorí pé ó rántí iye ojú tó kó fún ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, 60, àti mẹ́rin tó já sílẹ̀. Èyí wà lára ohun tó bí ìtàn tí àwọn olùtajà ń sọ fún àlejò, pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ní erékùṣù Aran ti Ireland ní ojú súwẹ́tà tirẹ̀ tí wọ́n fi ń dá òkú mọ̀. Ìtàn ìdílé yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ sì ni ti inú eré náà. Ṣùgbọ́n pé ahunṣọ gbọ́dọ̀ mọ iye ojú rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

*Ihò ṣì wà.* Òwú kò le tó nígbà tí a fà á gba orí abẹ́rẹ́. Ojú ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ ṣí débi pé ẹsẹ̀ méjèèjì á hàn kedere.

*Kọ́là yọ àtẹ̀gùn.* Gbogbo ìyípadà ti kó jọ sí ojú kan, tàbí kí wọ́n sún mọ́ra jù. Kí ó tú u padà, kí ó sì fẹ àlàfo wọn lójú.

*Ìyípadà ń hàn lára iṣẹ́ 2-àti-2.* Kí ó máa yí padà níbi ojú ẹ̀yìn, nínú kòtò tó wà láàárín òkè méjì. Kòtò náà á gbé e mì.

*Kọ́là kò fẹ́ ṣẹ́.* Etí tí a fi pa ojú dé ti le jù. Kí ó tú etí náà nìkan, kí ó sì fi abẹ́rẹ́ 6 mm pa á dé.

*Kọ́là dúró gán-an lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí.* Ó lè jẹ́ pé kò tíì rí omi. Irun àgùntàn kì í gba ìtẹ́ títí a ó fi rẹ ẹ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kì í ṣe omi gbígbóná, torí pé omi gbígbóná àti fífi ọwọ́ ra á á mú kó dì pọ̀ bí búláńkẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kó wà nínú omi fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí a fún un jẹ́jẹ́ láìlọ́ ọ, kí a ká a mọ́ táwẹ́ẹ̀lì kí a sì tẹ̀ ẹ́, kí a tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. A ó ṣẹ́ kọ́là náà sí bí a ṣe fẹ́ kó wà, a ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yíká bí ìpàkọ́.

Kò gbọdọ̀ gun orí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kò sì gbọdọ̀ kọ́ sórí okùn, nítorí omi á fà á gùn. Nínú yàrá Dublin ní ìgbà òtútù, ó lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ. Kí ẹni tó hun ún má wọ̀ ọ́ kó tó gbẹ tán.